Ẹ Dúró Ná, Ẹ Má Tíì Pa Á Dé

Ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ìwé ní ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n bá lórí tábìlì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbé orí lé apá òsì bí ẹni tí oorun gbé lọ. Òkúta dídán tó fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́bàá àga, ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn láti ẹ̀yìn orí rẹ̀ sí ọrùn ẹ̀wù sì ti dì. Kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ ṣì wà ní títàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bàbá Ìwé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìwé asọ̀rọ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ rẹ̀, ìwé tí àwọn ọmọdé ń kà lórí kọ̀ǹpútà: ọmọ á fọwọ́ kan àwòrán, ohùn ènìyàn á sì jáde láti ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà sí i létí. Lọ́jọ́ kejì gan-an ló yẹ kó fi ìwé tuntun han àwọn olùkọ́. Àwọn àga tí wọ́n yá ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n tò wọ́n lérí ara wọn.

Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, tó gbá orí ọ̀gá rẹ̀ mọ́ àyà, tó ń pariwo kí wọ́n gba òun. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Kí ọlọ́pàá tó dé, àwọn aládùúgbò ti dá ẹjọ́ náà tán.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ ti parí," ni Sájẹ́ǹtì tó kọ́kọ́ débẹ̀ wí fún Ìnsípẹ́kítọ̀. Ó ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. "Àná ni Bàbá Ìwé bú u níwájú ènìyàn pé ó máa ń pẹ́ dé. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ?"

Ọkùnrin kúkúrú kan ni Ìnsípẹ́kítọ̀, tí kì í gbé ohùn sókè. Fẹ̀sọ̀ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí pé "ẹ fẹ̀sọ̀" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí ilé Fẹ̀sọ̀ bá ń jó, yóò kọ́kọ́ bèèrè irú igi tó ń jó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́rùn ẹ̀wù náà.

"Ìgbà wo ni wọ́n gbọ́ ohùn ọkùnrin yìí gbẹ̀yìn?"

"Kò tíì pẹ́ rárá, sà. Akọ̀wé rẹ̀ gbọ́ ọ kó tó lọ sílé. Bó ṣe ń lọ ni dẹ́rẹ́bà ń wọlé."

"Ẹ̀jẹ̀ ti dì."

"Fáànù ló fẹ́ ẹ, sà."

Fẹ̀sọ̀ gbójú sókè wo fáànù náà. Aláǹtakùn ti ta okùn mọ́ ọn láti apá kan dé èkejì. Ó ní kí wọ́n pe akọ̀wé náà padà.

Ọmọbìnrin tí kò tíì pẹ́ tó kúrò nílé ẹ̀kọ́ ni. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga yíyá náà, ó di báàgì rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Ọ̀gá àti àbúrò wọn tó ń bá wọn ṣe ìwé ló jọ wà nínú yàrá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán," ó ní. "Mo gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti máa ń jiyàn. Nígbà tí àbúrò wọn jáde, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ̀gá lẹ́nu, pé ọ̀gá ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀la dánra wò. Wọ́n ní àwọn ń lọ gẹrun. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa fèrèsé dé bí mo ṣe máa ń ṣe. Bí mo ṣe fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn ìta, ọ̀gá sọ̀rọ̀ látinú yàrá pé kí n dúró ná, kí n má tíì pa á dé. Mo bá fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo lọ."

"Ṣé o rí i?"

"Rárá, sà. Mo gbọ́ ọ. Ohùn wọn ni, mo lè fi ẹ̀mí mi búra."

"Má fi ẹ̀mí rẹ búra sórí ohun tí o kò fojú rí, ọmọ mi," ni Fẹ̀sọ̀ wí.

Ṣùgbọ́n ohùn náà ló di okùn sọ́rùn dẹ́rẹ́bà. Bí Bàbá Ìwé bá sọ̀rọ̀ nígbà tí akọ̀wé ń lọ, a jẹ́ pé ó wà láàyè. Bí ó bá wà láàyè, ẹnìkan ṣoṣo ló wọlé lẹ́yìn ìyẹn. Onígbàjámọ̀ òdìkejì títì sọ pé àbúrò olóògbé wà lórí àga òun ní gbogbo àkókò náà, àwọn oníbàárà míì sì jẹ́rìí sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin arúgbó kan ti wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú àgọ́. Ìyá dẹ́rẹ́bà ni. Ó gbé ẹ̀wù mímọ́ kan lé itan, ó ti lọ̀ ọ́ dáadáa.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Wọ́n ní ẹ̀yin ni Fẹ̀sọ̀. Orúkọ yín tù mí nínú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ kan yìí ni mo ní, ọkọ̀ wíwà sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe wọlé síbí ni kí ẹ jẹ́ kó jáde sí mi."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Fẹ̀sọ̀ dáhùn, ó sì gbàgbọ́ nínú ohun tó sọ.

Nínú àtìmọ́lé, ojú dẹ́rẹ́bà ti wú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí Fẹ̀sọ̀ bi í ní ìbéèrè, ó yí orí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ ọ́ sí etí ọ̀tún. Ti òsì ń hó bí ẹ̀rọ amúnáwá."

"Ta ló lù ọ́?"

Dẹ́rẹ́bà wo Sájẹ́ǹtì, ó sì wolẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò lù mí, sà. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni mo fẹ́ lọ fún ọ̀gá. Mo rò pé wọ́n sùn ni, mo gbé orí wọn sókè."

Fẹ̀sọ̀ fa Sájẹ́ǹtì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó má fọwọ́ kan ọkùnrin náà mọ́. Sájẹ́ǹtì ní, "Yẹ́sà." Ó yẹ kí Fẹ̀sọ̀ gba onídùúró fún dẹ́rẹ́bà lọ́jọ́ náà, agbára rẹ̀ sì ká a. Ṣùgbọ́n kò ì dá a lójú, kì í sì í ṣe ohun tí kò bá dá a lójú. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ wo àbúrò olóògbé.

Yàrá kan ni àbúrò ń gbé. Irun orí rẹ̀ ṣì mọ́ rekete láti ọwọ́ onígbàjámọ̀. Bàtà ọmọdé kan wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, wọ́n tò ó bí ẹni pé ẹsẹ̀ tó ni ín kò ní pẹ́ dé.

"Ẹ kú arafẹ́rakù," ni Fẹ̀sọ̀ wí.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbé mi sí lọ sílé ẹ̀kọ́."

"Ta ló ni bàtà yìí?"

"Ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni ikọ́ mú un lọ. Ọmọ ò láyọ̀lé, sà. Ẹni ọmọ sin ló bímọ."

Fẹ̀sọ̀ ní, "Mo gbọ́ pé ohùn rẹ̀ wà nínú ìwé kan."

"Ìwé tuntun yìí ni. Òun ló kà á látòkè délẹ̀ kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù nìyẹn. A gbà á sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní ẹ̀dà míì. Àwọn olùkọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní ikọ́ pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bá ní kí olùkọ́ kan tún un kà, ó yọ tọmọ mi kúrò."

"Ṣé ẹ bínú sí i?"

"Òun ló ni ilé iṣẹ́, sà."

Fẹ̀sọ̀ kò tẹ̀ síwájú níbẹ̀. Ó ní òun kò lajú sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, kó jọ̀ọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìwé ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ara àbúrò yá díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó.

"Bí ẹ bá ti fi ohùn sójú ewé, ẹ ó sọ ìgbà tí yóò sọ̀rọ̀ fún un. Ẹ lè ní kó dúró títí ẹnìkan yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè ní kó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ojú ewé bá ti ṣí. Ẹ lè fi àmì rẹ̀ pamọ́ kí ojú má rí i. Bó bá gùn jù, ẹ ó gé e. Ohùn tí ẹ gé níbẹ̀ kò sì kú o, ó kàn dákẹ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ó nà án padà."

"Èwo ni Bàbá Ìwé fẹ́ràn jù?"

"Kó dúró de ọwọ́. Kò gba èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ láàyè nínú ìwé rẹ̀ kankan. Ó ní ohùn tí a kò pè tó ń dáhùn, iwin ni."

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Fẹ̀sọ̀ ń rìn, ó ń ronú, ó ń mu omi tútù níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ìyá dẹ́rẹ́bà ń lọ, ó ń bọ̀, ẹ̀wù tó lọ̀ ti ń hunjọ lórí itan rẹ̀. Nígbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ padà lọ bá akọ̀wé, kò ní ìbéèrè kankan lọ́kàn ní pàtó. Ọmọbìnrin náà ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú tábìlì, ó sì ń sunkún.

"Ohun tó ń dùn mí jù, sà, ọjọ́ tí wọ́n máa kú gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ọ̀wọ̀ fún mi."

"Ọ̀wọ̀ báwo?"

"Wọ́n fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀."

Fẹ̀sọ̀ dúró. "O sọ fún mi lọ́jọ́sí pé wọ́n ní kí o dúró ná, kí o má tíì pa á dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Má ròyìn rẹ̀ fún mi. Sọ ọ́ gan-an bó ṣe jáde."

Ọmọbìnrin náà nu imú. "'Ẹ dúró ná, ẹ má tíì pa á dé.'"

"Báwo ni wọ́n ṣe máa ń pè ọ́ tẹ́lẹ̀?"

"'Ìwọ ọmọ yìí, wá.' Ìyẹn bí inú wọn bá dùn o."

Àgbàlagbà ìran Bàbá Ìwé kì í ṣàdédé fi "ẹ" bá ọmọ tó lè bí sọ̀rọ̀. Bó bá ti sọ "ẹ", yálà ẹni tó jù ú lọ ló wà níwájú rẹ̀, tàbí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò sí àgbà kankan nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ku ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn olùkọ́ tí ń bọ̀ lọ́la nìkan sì ni Bàbá Ìwé ń múra láti bá sọ̀rọ̀. Fẹ̀sọ̀ ní kí akọ̀wé wá bá òun tan kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀, ó ní kó máa lọ, ó sì dá jókòó tì í.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló pe àbúrò sí ilé iṣẹ́ náà, ó ní kó wá bá àwọn wo àwọn ìwé tó kù. Ọ̀sán ni. Akọ̀wé wà níbẹ̀, Sájẹ́ǹtì náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ojú ewé funfun kan tí kò ní nǹkan kan lórí sì wà níbẹ̀. Fẹ̀sọ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ooru. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa àga tí kò tíì padà sọ́dọ̀ ẹni tó yá wọn. Ojú ewé funfun kan lọ, òmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i.

"Ẹ dúró ná, ẹ má tíì pa á dé."

Ohùn Bàbá Ìwé ni, ó ki, ó sì já gaara. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Sájẹ́ǹtì fò sẹ́yìn, ó kọ lu ìlẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì kọjú sí àga òkú náà. Àbúrò nìkan ni kò wo àga. Kọ̀ǹpútà ló wò.

"Ẹ rí i," ni Fẹ̀sọ̀ wí fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹni tí kò bá mọ ibi tí ohùn gbé wà, àga ni yóò wò. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n."

Àbúrò gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọkùnrin yìí ti kú kí ohùn rẹ̀ tó jáde. N kò mọ bó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí akọ̀wé sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹ̀gbọ́n yín ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó ti gbà sílẹ̀ fún ìwé tuntun ni. Nínú gbogbo ìwé rẹ̀, ohùn ń dúró de ọwọ́. Nínú ọ̀kan ṣoṣo yìí, ẹnìkan ti to ojú ewé òfìfo síwájú, ó ní kí wọ́n máa yí fúnra wọn, ó ní kí ohùn bẹ̀rẹ̀ láìpè, ó sì fi àmì rẹ̀ pamọ́. Ẹni náà mọ ìgbà tí ọmọbìnrin yìí máa ń pa ilé dé. Ó gé ọ̀rọ̀ náà síbi 'pa á dé', kó lè dà bí ẹni pé ọmọbìnrin yìí ni wọ́n ń bá wí. Ẹ gé ohun gbogbo tó yẹ kí ẹ gé. 'Ẹ' ni ẹ kò lè yọ. Ẹ̀yin sì jáde, ẹ lọ jókòó síbi tí ojú pọ̀ sí. Nígbà tí ojú ewé tán, kọ̀ǹpútà dúdú, bí mo ṣe bá a."

Àbúrò jókòó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó jọ pé ó rẹ̀ ẹ́ ju ohunkóhun lọ.

"Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ohùn ọmọ mi padà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Mo ti yọ ọ́ níbẹ̀, wá lọ́la, wàá gbọ́.' Ó ń rẹ́rìn-ín, sà. Ọmọ tó kú. N kò mọ ìgbà tí mo mú òkúta."

"Dẹ́rẹ́bà ńkọ́?"

"N kò ro tiẹ̀. N kò ro ti ẹnikẹ́ni."

"Nígbà tí ẹ ń gé ohùn yìí," ni Fẹ̀sọ̀ bi í, "ṣé ẹ gbọ́ ọ dópin?"

"Òkú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa gbọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ohùn tí a gé kò kú." Fẹ̀sọ̀ tẹ ara mọ́ kọ̀ǹpútà, ó na ohùn náà padà bí àbúrò fúnra rẹ̀ ṣe ṣàlàyé fún un, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ dúró ná, ẹ má tíì pa á dé. Ìwé yìí kò tíì parí. Ọmọ tó kọ́kọ́ kà á fún wa kò sí láyé mọ́. Ọmọ àbúrò mi ni. Torí kí àwọn ọmọ yín lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ketekete la ṣe ní kí olùkọ́ tún un kà, ṣùgbọ́n ìwé tiẹ̀ ni. Ẹ fọwọ́ kan ẹyẹ tó wà lójú ewé ìkẹyìn yìí. Àbúrò mi kò mọ̀ pé mo fi í síbẹ̀. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ pẹ̀lú yín ni."

Fẹ̀sọ̀ ṣí ojú ewé ìkẹyìn, ó fọwọ́ kan ẹyẹ náà. Ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ohùn ọmọdébìnrin kan ní, "Ẹyẹ fò lọ. Ẹyẹ yóò padà wá." Ó tún wúkọ́. "Bàbá, ṣé mo kà á dáadáa?" Ohùn ọkùnrin kan sì dáhùn láti òkèèrè pé, "O kà á dáadáa, ọmọ mi." Ohùn àbúrò ni.

Àbúrò na ọwọ́ méjèèjì sí Sájẹ́ǹtì fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Ẹ bá mi tún un tẹ̀," ó ní. Fẹ̀sọ̀ tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pa kọ̀ǹpútà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa fún ilé ẹjọ́, ó sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fẹ̀sọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn àtìmọ́lé. "Máa bọ̀," ó ní. "A ti rí ẹni tó ṣe é."

Dẹ́rẹ́bà jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Fẹ̀sọ̀ lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó tún un sọ, ó tilẹ̀ pariwo, ohun tí kò ṣe rí láyé iṣẹ́ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà mi orí. Sájẹ́ǹtì ti padà síbẹ̀ lẹ́yìn "Yẹ́sà" ọjọ́sí, ìgbájú ti kan etí kejì, egbò inú etí sì ti ṣe ìyókù. Dókítà tó wò ó lọ́jọ́ kejì kò pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti gbé e wá nígbà tó jẹ́ etí kan ló di, ìyẹn ì bá dára.

Ìyá rẹ̀ ń dúró lójú títì níwájú ilé ìwòsàn náà, ó mú ẹ̀wù náà dání. Ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọdé, ó di bọ́tìnnì rẹ̀ tán, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi rí i lójú rẹ̀ pé kò gbọ́. Ọkọ̀ kan fọn fèrè lẹ́yìn wọn, ó fọn ọ́n kíkankíkan. Dẹ́rẹ́bà kò yà. Ìyá rẹ̀ ló fà á kúrò lọ́nà.

"Ìyá," ni Fẹ̀sọ̀ wí, "gbogbo ayé ti mọ̀ pé ọmọ yín kò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Arúgbó náà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń wá sí àgọ́, kò sí ìgbà kan tí kò fi "ẹ" sí ọ̀rọ̀ tó bá ń bá a sọ.

"Fẹ̀sọ̀ lo ṣe," ó ní. "Mo rí ọ."

Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìyá ló wà níhà ibi tí ọkọ̀ ń gbà.